Ìlú Tí Ó Ń Bá Àwọn Ènìyàn Rẹ̀ Ṣí

Ṣìkẹ́mi Ọlárìndé, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì, nọ́ọ̀sì agbẹ̀bí ní Ìtùnú-Olúwa ní etí òkun Ìlàjẹ, gba lẹ́tà méjì láàárín oṣù kan. Èkíní sọ pé ìjọba ilẹ̀ Holland ti yàn án mọ́ àwọn agbẹ̀bí mẹ́jọ tí yóò lọ fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta bá àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ṣiṣẹ́ lọ́hùn-ún. Owó ọkọ̀, ibùsùn àti oúnjẹ, ìjọba náà ni yóò gbé gbogbo rẹ̀. Èkejì ní kí ó dúró ná. Wọ́n ti yẹ àwòrán ilẹ̀ wò fún ibi tí ó kọ sínú fọ́ọ̀mù pé òun ń gbé, omi òkun ni wọ́n sì rí níbẹ̀. Wọ́n fún un ní ọjọ́ mẹ́rìnlá láti ṣàlàyé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, wọn yóò fi ẹlòmíràn sí ipò rẹ̀.

"Àbí wọ́n rò pé ẹja ni mí ni?" ni ó wí pẹ̀lú ẹ̀rín nígbà tí ó kà á tán. Ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú.

Kì í ṣe pé ó ń wá ọ̀nà àtirí ìlú òyìnbó. Ní ọdún méjì sẹ́yìn ni Roqeebah, ìyàwó olùkọ́ kan tí wọ́n gbé wá láti apá Ọ̀ṣun, bímọ sí i lọ́wọ́, tí ẹ̀jẹ̀ kò sì dá. Wọ́n gbé e sínú ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì, wọ́n dorí kọ ilé ìwòsàn Igbókọ̀dá. Láti èbúté ni Ṣìkẹ́mi ti fi ọwọ́ méjèèjì tẹ inú rẹ̀, kò gbé e kúrò. Wọn kò tíì dé ìdajì ọ̀nà tí Roqeebah fi dákẹ́. Ọmọ náà ti ń rìn báyìí. Nínú lẹ́tà àkọ́kọ́, wọ́n sọ pé agbẹ̀bí tí Ṣìkẹ́mi yóò bá ṣiṣẹ́ ń gbé ní erékùṣù kan, ọkọ̀ ojú omi ni òun náà fi ń gbé aláboyún lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ohun kan ṣoṣo ni Ṣìkẹ́mi fẹ́ bi obìnrin náà: bí ẹ̀jẹ̀ kò bá dá nínú ọkọ̀, kí ni ẹ máa ń ṣe?

Ibi tí ọ̀rọ̀ ti wọ́ ni ìbéèrè kẹsàn-án nínú fọ́ọ̀mù: ǹjẹ́ o ti ṣí kúrò níbi tí ò ń gbé láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sí àkókò yìí? Ṣìkẹ́mi kọ "Rárá" síbẹ̀, kò tilẹ̀ rò ó lẹ́ẹ̀mejì.

Kò sí ọmọ ìlú náà tí kì bá kọ bẹ́ẹ̀. Nígbà tí òkun bá jẹ ilẹ̀ dé ẹ̀yìnkùlé, ìlú yóò jókòó, wọn yóò mú ọjọ́. Bí ọjọ́ bá pé, wọn yóò tú pákó ilé, wọn yóò ṣí páànù òrùlé, wọn yóò kó gbogbo rẹ̀ sínú ọkọ̀, wọn yóò sì tún un kàn níbi tí omi kò tíì dé. Ilé kan kò gbọdọ̀ gba ipò ilé kejì. Ẹni tí ó wà lọ́wọ́ ọ̀tún rẹ tẹ́lẹ̀, ọwọ́ ọ̀tún rẹ náà ni yóò tún wà. Ibi tí ṣọ́ọ̀ṣì kọjú sí náà ni yóò tún kọjú sí. Bí èéfín ẹja aládùúgbò bá ti ń yọ ọ́ lẹ́nu, yóò bá ọ débẹ̀. Lẹ́nu wọn, kò sí ẹni tí ó ṣí. "Omi sún wa" ni wọ́n máa ń wí. Omi ti sún Ìtùnú-Olúwa lẹ́ẹ̀mẹ́ta láti ìgbà tí wọ́n ti bí Ṣìkẹ́mi, ẹ̀ẹ̀mejì nínú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún náà. Ẹni tí ó ya àwòrán ilẹ̀ kò sì bá wọn sún.

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ó jẹ́ akọ̀wé ìjọba fún un ní ìmọ̀ràn tí kò le: kí ó lọ búra ní kóòtù pé Ode Mahin ni òun ń gbé, pé àṣìṣe ni èyí tí òun kọ. Ode Mahin wà lórí àwòrán, kò sí ẹni tí yóò wá a tì. Ó tilẹ̀ bá a tẹ ìwé ìbúra náà, ó ku kí Ṣìkẹ́mi fọwọ́ sí i.

Ó gbé e délé. Ibi tí ìyá rẹ̀, Yèyé Moríkẹ́, ti ń yí ẹja lórí agbada ni ó ti kà á sókè. Kingsley, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tí ó ń wa ọkọ̀ èrò, kò jẹ́ kí ó kà á tán.

"Àǹtí mi, ẹ fọwọ́ sí i! Kí lẹ tún ń wò?"

"Fọwọ́ sí i o," ni Yèyé wí, kò gbójú sókè. "Lọ́jọ́ tí àwọn àgbà bá tún gbé ìwé lọ pé kí ìjọba wá bá wa dí òkun, wọn yóò ní, 'Ìlú wo? Nọ́ọ̀sì yín ti búra pé Ode Mahin ni òun ń gbé.'"

"Yèyé, ta ni yóò lọ tú ìwé wò ní kóòtù?"

"Ẹni tí kò fẹ́ dí òkun ni."

Kingsley rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Ṣìkẹ́mi kò rín. Ọjọ́ mẹ́rin ni ìwé náà fi wà lórí tábìlì rẹ̀ ní ilé ìwòsàn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ tí ó fi ń wo ẹ̀jẹ̀ ríru. Ó mú bírò lẹ́ẹ̀kan, ó kọ lẹ́tà àkọ́kọ́ orúkọ rẹ̀, ó dúró. Bí kò bá fọwọ́ sí i, erékùṣù náà lọ. Bí ó bá sì fọwọ́ sí i, ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́ pé ìlú tí ó bí i kò sí. Ní ọjọ́ karùn-ún, ó pe Tolúwalàṣẹ Ògúnlànà, ọmọ Ìjẹ̀bú tí ń bójú tó ètò náà ní Èkó.

"Ọ̀gbẹ́ni Ògúnlànà, àwòrán lẹ̀ ń wò. Ẹ wá wo ìlú."

"Nọ́ọ̀sì, ẹ jọ̀ọ́, èmi àti omi kì í ṣe ọ̀rẹ́."

"Kì í ṣe ọ̀rẹ́ tiwa náà. A kàn jọ ń gbé ni."

Ó dé Igbókọ̀dá ní ọjọ́ Ẹtì, Ṣìkẹ́mi àti Kingsley sì fi ọkọ̀ lọ pàdé rẹ̀. Ẹ̀wù amúniléfòó méjì ni ó wọ̀ lé ara wọn. Kingsley wò ó láti òkè délẹ̀.

"Ọ̀gá, ṣé ẹ̀ẹ̀mejì lẹ fẹ́ rì ni?"

"Ìyàwó mi ló ní kí n wọ̀ ọ́."

"Ẹ bá mi kí wọn. Ẹ jókòó sí àárín, kí ẹ má sì dìde. Ọkọ̀ yìí kì í ṣe àga ọ́fíìsì."

Omi ti fà nígbà tí wọ́n dé ibi tí ìlú wà tẹ́lẹ̀. Kingsley pa ẹ́ńjìnnì. Òpó bíi ogún yọ orí jáde lójú òkun, ìkarahun ti bò wọ́n. Ṣìkẹ́mi nawọ́ sí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ilé ìwòsàn nìyẹn, òpó tí ó tẹ̀ yẹn ni igun yàrá ìgbẹ̀bí. Ilé Ọpẹ́fólúwa tí ń tún ẹ́ńjìnnì ṣe ni ó wà lọ́wọ́ òsì. Ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì gba àárín wọn.

Nígbà tí wọ́n gúnlẹ̀ sí ìlú, kò sí ẹni tí ó júwe ohunkóhun fún Ògúnlànà. Ó rí ilé ìwòsàn, ó wo ọwọ́ òsì, ó rí ọkùnrin kan tí ó jókòó sáàárín ẹ́ńjìnnì tí a tú palẹ̀. "Ọpẹ́fólúwa?" ni ó pè. Ọkùnrin náà ní, "Èmi nìyí, sà. Ta ló rán yín?"

Yèyé gbé púpurú àti ọbẹ̀ ẹja síwájú àlejò, ó sì dúró tì í.

"Ọmọ mi, mo fẹ́ bi ọ́ ní ọ̀rọ̀ kan. Ìjẹ kì í dá wà lójú omi. Níbo ni ìwọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ àwọn òyìnbó yìí?"

Ògúnlànà fọwọ́ nu ẹnu. "Ìyá, irọ́ kò sí níbẹ̀. Kì í ṣe àánú lásán. Ìjọba náà fẹ́ kí àwọn tó mọṣẹ́ níbí mọ àwọn tó mọṣẹ́ lọ́hùn-ún. Ẹni tó bá ti jẹun nílé ẹni, bí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ ẹni láìdáa, yóò ní, 'Rárá, mo mọ̀ wọ́n.' Ohun tí wọ́n ń wá nìyẹn."

"Ṣé ọ̀rẹ́ ni wọ́n ń wá?"

"Ọ̀rẹ́ ni, Ìyá."

"Ó dáa. Èyí tí mo mọ̀ sàn ju èyí tí n kò mọ̀ lọ. Jẹun."

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ògúnlànà kọjú sí Ṣìkẹ́mi. "Nọ́ọ̀sì, èyí tí ẹ kọ yẹn kò tọ̀nà. Ẹ ti ṣí."

"Ìlú ló ṣí. Èmi kò kúrò nínú rẹ̀."

"Fọ́ọ̀mù kò béèrè ìlú. Ọ̀rọ̀ yín ló béèrè."

"Àṣìṣe mi ni," ni Ṣìkẹ́mi wí. "Ṣùgbọ́n èmi kọ́ ni yóò kọ Ode Mahin."

Wọ́n rìn lọ sí orí afárá èbúté níbi tí fóònù ti ń gbọ́ran. Ògúnlànà pe ọ̀gá rẹ̀, obìnrin ará Holland, ó ṣàlàyé ohun tí ó rí, ó sì túmọ̀ èsì rẹ̀ fún wọn. Obìnrin náà ní àwọn náà ní abúlé tí òkun ti bò láti ìgbà láéláé, wọn kò sì jẹ́ kí orúkọ rẹ̀ parẹ́. Ó ní kí nọ́ọ̀sì kọ ọ́ bí ó ṣe rí gan-an. Àmọ́ àyẹ̀wò ìwé yóò bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, nọ́ọ̀sì kò sì ní bá àwọn mẹ́jọ àkọ́kọ́ lọ mọ́.

Níbẹ̀ lórí afárá ni Ṣìkẹ́mi ti kọ èsì tuntun sí ìbéèrè kẹsàn-án: "Bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀ẹ̀mejì. Láti Ìtùnú-Olúwa sí Ìtùnú-Olúwa. Gbogbo ìlú ni ó bá mi ṣí."

Àwọn mẹ́jọ náà lọ ní oṣù Kẹsàn-án. Fẹ́yìsayọ̀, agbẹ̀bí kan láti Ode Ugbo, ni wọ́n fi sí ipò rẹ̀. Ṣìkẹ́mi pè é láti bá a yọ̀, lẹ́yìn náà ó ti ilẹ̀kùn ọ́fíìsì rẹ̀, kò sì ṣí i fún wákàtí kan. Ìwé tirẹ̀ jáde ní ọ̀sẹ̀ tí ó kọjá: ikọ̀ kejì, ìgbà òtútù. Yèyé ti ra ìbọ̀sẹ̀ onírun mẹ́rin fún un. Ọkọ̀ Kingsley yóò gbé e kúrò ní èbúté ní aago méje òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì, ọjọ́ kẹrìndínlógún oṣù Kìíní, ọkọ̀ òfuurufú yóò sì gbéra ní Èkó ní ọjọ́ Àìkú tí ó tẹ̀ lé e.