Ọwọ́ Kan Ṣoṣo ní Gáréèjì Ọmú-Àrán

Ẹ̀yin ọmọ mi, èmi fúnra mi ni mo ba nǹkan jẹ́. Nígbà ọ̀gbẹlẹ̀ tó kọjá, tí a fẹ́ fòfin de sìgá mímu lábẹ́ àtíbàbà èrò ní gáréèjì Ọmú-Àrán, ẹgbẹ́ awakọ̀ ní ká fi ìwé dìbò sínú páálí. Èmi ni mo dìde, mo ní ó tì o, gbangba ni ká ti dìbò. Nígbà tí mo ń bá ẹgbẹ́ òṣèlú kiri, ojú mi rí bí wọ́n ṣe ń gbé àpótí ìbò sá lọ. Mo wá rò pé ọwọ́ tí gbogbo ayé bá rí kò ṣeé jí.

Nítorí Àdùkẹ́, àbúrò mi, la ṣe ń jà. Búrẹ́dì ló ń tà lábẹ́ àtíbàbà yẹn, ó sì ní ikọ́ fée. Ẹ̀ẹ̀mejì la ti sáré gbé e dé ọsibítù nítorí èéfín sìgá. Ni mo bá ń lọ káàkiri, mo ń bá àwọn èèyàn sọ̀rọ̀ nípa òfin náà. Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, wọ́n ní ọ̀rọ̀ mi dáa. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n ní Ọlọ́run ló rán mi. Àwọn awakọ̀ tó ń fa sìgá gan-an ní àwọn fara mọ́ ọn. Òfin rẹ̀ kúkú ti wà ní Àbújá tipẹ́. Àbújá ló jìnnà sí wa.

Àmọ́ ohun tó wà lẹ́yìn ẹfà ju èje lọ. Bàbá Alága, tó ti fẹ̀yìn tì nínú ẹgbẹ́ awakọ̀, ló fi owó ara rẹ̀ kan páànù àtíbàbà náà. Lọ́jọ́ ìbò, ó jókòó síwájú, ó ṣáná sí sìgá, ó ń wò wá lójú lọ́kọ̀ọ̀kan. Akọ̀wé ní kí ẹni tó bá fẹ́ òfin nawọ́.

Ilẹ̀ ni gbogbo wọn ń wò. Ọwọ́ tèmi gbéra lóòótọ́. Ó dé etí, ni mo bá fi họ orí. Ti Àdùkẹ́ nìkan ló wà lókè.

Bàbá rẹ́rìn-ín. "Ìwọ nìkan, olóbúrẹ́dì?"

Àdùkẹ́ kò gbé ọwọ́ náà sílẹ̀ títí akọ̀wé fi kọ ọ́ sínú ìwé: ẹnì kan.

Bí ẹ bá bi mí léèrè ohun tí a jèrè, ẹnì kan yẹn náà ni. Ìyókù, a pàdánù rẹ̀. A ṣì jẹ àbúrò mi ní gbèsè èémí tó mọ́, pàápàá èmi tí mo ń pe ara mi ní àgbà ìjà.

Mo bá a níbi tó ti ń di búrẹ́dì sínú páálí. Ó fẹ́ kó àtẹ rẹ̀ lọ sẹ́bàá títì, sínú oòrùn. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó ní sùúrù, pé nípàdé mìíràn ìwé la ó fi dìbò, a ó sì wọlé. Ó di ẹrù rẹ̀ tán kó tó wojú mi.

"Ẹ̀gbọ́n mi, ká tiẹ̀ ní a wọlé. Ta ni nínú yín tó máa lọ sọ fún Bàbá pé kó pa sìgá rẹ̀?"