Oríkì Nínú Jíìmù

Mo rántí ìgbà tó jẹ́ pé mọ́ọ̀pù ni irinṣẹ́ mi ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Calgary. Èmi ni mò ń nu ilẹ̀ jíìmù, mo sì ń nù ún bí ẹni pé bàbá mi ló fi í sílẹ̀ fún mi. Bí àwọn ọmọbìnrin tó ń gbá básíkẹ́ẹ̀tì bá gbé snow wọlé lábẹ́ bàtà, màá lejú mọ́ wọn. Ìyàwó mi rẹ́rìn-ín nígbà tí mo rojọ́ fún un. Ó ní, "Àkànní, ṣé kí wọ́n máa fò wọlé ni?" Láti ìgbà tí ìyá mi ti kú, òun nìkan ló ń fi oríkì pè mí.

Mo pẹ́ kí n tó wọ ilé-ìwé. Ọmọ ọdún mọ́kànlá ni mí ní kíláàsì kìíní, mo fẹ́rẹ̀ẹ́ ga tó tíṣà. Ìwé kì í tètè yé mi, ṣùgbọ́n bí mo bá ju bọ́ọ̀lù sínú apẹ̀rẹ̀, kì í tàsé. Lọ́jọ́ kan ní jíìmù náà, mo rò pé kò sẹ́ni tó ń wò mí, mo gbé mọ́ọ̀pù ti ògiri, mo ju bọ́ọ̀lù lẹ́ẹ̀méje, ó wọlé lẹ́ẹ̀méjèèje. Kóòṣì àgbà, obìnrin aláwọ̀ funfun tí kì í fọ̀rọ̀ ṣòfò, wà lẹ́nu ọ̀nà. Wọ́n ní kí n wá máa ran àwọn lọ́wọ́ nírọ̀lẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní bí mo bá fẹ́ kó di iṣẹ́ mi, àfi kí n gba ìwé ẹ̀rí. Bí mo ṣe bá àwọn ọmọ tí mò ń kọ́ ní bọ́ọ̀lù jókòó ní kíláàsì nìyẹn, tí mo ti lé ní ogójì ọdún. Ọ̀kan nínú wọn ń bá mi yẹ àròkọ mi wò. Ó bi mí bóyá wọ́n ń ta ọ̀rọ̀ fún mi ni, tí mo fi ń ṣọ́ ọ lò.

Èyí tó ga jù nínú wọn ń gbé ní Cornerstone, àdúgbò kan ní Calgary, India làwọn òbí rẹ̀ ti wá. Bó bá ku òun nìkan níwájú apẹ̀rẹ̀, bọ́ọ̀lù rẹ̀ á máa tàsé. Mi ò mọ ọ̀rọ̀ ìṣírí sọ. Nílé wa, bí àyà ọmọ bá ń já, oríkì ni wọ́n fi ń pè é. Mo pè é láti ẹ̀gbẹ́ pápá: "Àṣàkẹ́." Ó rẹ́rìn-ín, bọ́ọ̀lù wọlé. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kejì, gbogbo wọn ti tò síwájú mi. "Coach, èmi ńkọ́?" Mo pín in kárí: Àbẹ̀kẹ́, Àdùnní, Àjíkẹ́.

Ìyàwó mi ṣàìsàn, ó sì lọ. Mi ò ní sọ púpọ̀ nípa ìyẹn. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, kóòṣì àgbà fẹ̀yìn tì, wọ́n ní kí n du ipò àwọn. Ìyàwó mi ti fẹ́ ipò yẹn fún mi kí èmi fúnra mi tó fẹ́ ẹ. Ìdí nìyẹn tí mo fi so táì mọ́rùn.

Ìgbìmọ̀ tó fẹ́ yan kóòṣì ní kí n sọ ohun tí mo ti gbé ṣe. Mo dorí kodò, mo ní, "Àwọn ọmọ ló ṣe é." Wọ́n tún un bi mí. Mo ní, "Kóòṣì àgbà ló kọ́ wa." Bí wọ́n ṣe tọ́ mi nìyẹn: ènìyàn kì í ki ara rẹ̀. Ọmọbìnrin mi tó ń dúró dè mí nínú ọkọ̀ gbọ́ ẹjọ́ mi tán.

"So, Daddy, ẹ sọ fún wọn pé ẹ ò ṣe nǹkan kan."

"Òótọ́ ni mo sọ."

"Na sabotage be that o, Daddy."

Ó ku ìpele kan. Olúkúlùkù àwa tó ń du ipò náà yóò darí ìdánrawò, ìgbìmọ̀ yóò sì máa wò. Nígbà tí mo wọlé, àwọn ọmọ ti tò, snow ń yọ́ lábẹ́ bàtà wọn. Àṣàkẹ́ gbé ọwọ́ sókè, gbogbo wọn sì pè mí lẹ́ẹ̀kan náà: "Àkànní." Ọmọ mi ti lọ bá wọn, ó ti kọ́ wọn ní oríkì mi. Mi ò gbọ́ ọ láti ọjọ́ tí ìyàwó mi ti lọ. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mo mú mọ́ọ̀pù tó wà ní igun, mo bẹ̀rẹ̀ sí í nu ibi tó gbẹ.

Alága ìgbìmọ̀ bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń pè yẹn. Àṣàkẹ́ ní, "Orúkọ rẹ̀ ni. Kò lè pe ara rẹ̀, àwa la ó máa pè é." Ni wọ́n bá bẹ̀rẹ̀ sí í ka ohun tí mo ti ṣe fún wọn, títí kan èyí tí èmi ti gbàgbé.

Ọdún kẹrin tí mo ti di kóòṣì àgbà rèé. Orúkọ tó wà nínú pásípọ́ọ̀tù mi ni wọ́n kọ sára ilẹ̀kùn ọ́fíìsì, èmi kì í sábà wò ó. Ẹlòmíràn ló ń nu ilẹ̀, mo sì ń rán àwọn ọmọ létí kí wọ́n gbọn bàtà. Àṣàkẹ́ ti kàwé jáde, ó ti ń ṣiṣẹ́ ní Downtown. Nígbà mìíràn, ó máa ń yà wá, á dúró lẹ́nu ọ̀nà, á pè mí. Ibi yòówù kí n wà nínú ilé náà, mo máa ń jẹ́ ẹ.