Ọjọ́ Tí Mọ́mì Dá Eré Olórin Dúró

Ọ̀pọ̀ ọjọ́ ọdún tó kọjá ti pòórá lọ́kàn mi, ṣùgbọ́n Sátidé tí a ṣe eré olórin ní gbọ̀ngàn ìjọ wa ní Peckham, ní Lọ́ńdọ̀nù, kò pòórá. Àwọn ará ìlú Vienna, ní ilẹ̀ Austria, ló kọ́kọ́ kọ eré náà. Àwọn ará Amẹ́ríkà sì yí ọ̀rọ̀ àti àwàdà inú rẹ̀ padà sí tiwọn, ó ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún.

Láti ìgbà tí a ti sin bàbá mi, Mọ́mì kì í sọ ju "bẹ́ẹ̀ ni" àti "rárá" lọ. Èmi náà kò fi bẹ́ẹ̀ mọ ayọ̀ tàbí ìbànújẹ́ lára mọ́. Mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n wá wòran, bóyá wọn á tún sọ̀rọ̀.

Èmi ni mo ṣe ọmọbìnrin ọlọ́lá. Kọ́lá, ọmọ ìjọ wa tó ṣe ọmọ ọba, kúnlẹ̀ níwájú mi, ó ń kọrin pé kí n fẹ́ òun. Lójijì, Mọ́mì dìde láàárín èrò.

"Ìwọ! Ta lo ń kúnlẹ̀ fún? Èmi ni mo bí i! Èmi ni kí o dọ̀bálẹ̀ fún!"

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Kọ́lá yíjú sí Mọ́mì, ó sì dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí ìtàgé. Dùùrù dákẹ́.

"Ó dáa, dìde, àna mi," ni Mọ́mì wí, wọ́n sì jókòó.

N kò lè sọ pé inú mi dùn. Orin tó kàn ni mo gbàgbé. N kò sì lè sọ pé ìbànújẹ́ Mọ́mì tán. Ṣùgbọ́n nínú bọ́ọ̀sì tí a wọ̀ relé, wọ́n bi mí pé, "Ọmọ tó dọ̀bálẹ̀ yẹn, ṣé ó ti jẹun?"

Mo ní n kò mọ̀.

"Pè é, jàre."