Àárọ̀ Tí Bàbá Mi Di Agẹmọ ní Odogbolu

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Àǹtí Fúnkẹ́ dé, òórùn ẹ̀wà tó jóná ló gba gbogbo ilé wa kan ní Ìjẹ̀bú-Òde. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí wọ́n fi sítóòfù kẹrosíìnì se oúnjẹ fún mọ òórùn náà. Bàbá mi ló ń dáná. Ó ti tó ọ̀sẹ̀ méjì tí màmá mi ti kó ẹrù wọn lọ sí ilé òbí wọn ní Odogbolu, èmi àti àbúrò mi sì ti jẹ ẹ̀wà tó jóná, ìrẹsì tó jóná, a tún mu ògì tó jóná, èyí tí n kò mọ̀ títí dòní bí ènìyàn ṣe ń jó o.

Ọ̀rọ̀ ẹnu ló fà á. Lẹ́yìn ìsìn lọ́jọ́ Àìkú kan, níwájú gbogbo ẹgbẹ́ ìyá ìjọ, bàbá mi ní ìkọ́kọrẹ́ tí ìyàwó àwọn ń sè dára púpọ̀, pàápàá fún ẹni tó bá fẹ́ fi mọ odi. Àwọn ọkùnrin rẹ́rìn-ín. Màmá mi kò rẹ́rìn-ín. Àwọn ló máa ń sọ fún wa pé ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Bàbá mi rán àwọn àgbà ìjọ lọ bẹ̀bẹ̀, ṣùgbọ́n Màmá Odogbolu, ìyá tó bí màmá mi, ní kí ẹni tó fẹnu ba nǹkan jẹ́ gbé ara rẹ̀ wá tún un ṣe. Bàbá mi fárígá, wọ́n ní àwọn kò lè lọ dọ̀bálẹ̀ nítorí ìkọ́kọrẹ́. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà náà. Ìrọ̀rí màmá mi ni mo ń gbé orí lé sùn, mo sì ń sunkún sí i.

Àbúrò bàbá mi ni Àǹtí Fúnkẹ́. Wọ́n ti yọ̀ǹda ara wọn lọ ṣe olùkọ́ ní Samoa, erékùṣù kan láàárín agbami òkun lọ́hùn-ún, wọ́n wá kí ẹbí ni. Ọ̀gá ilé-ìwé wa gbọ́, wọ́n ní kí Àǹtí wá fi àṣà ibẹ̀ han àwa ọmọ. Àǹtí kọ́ wa bí wọ́n ṣe ń fi ọwọ́ jó jẹ́jẹ́, bí ẹni tó ń ṣan aṣọ lódò láìkánjú. Wọ́n ní ìró ni àwọn ọkùnrin ibẹ̀ ń ró lọ síbi iṣẹ́. A pariwo pé kò lè rí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gá ilé-ìwé fúnra wọn gba ìró, wọ́n ró o lé ṣòkòtò, ó sì tù wọ́n lára débi pé wọ́n fi ṣe ìpàdé àwọn olùkọ́ lọ́sàn-án ọjọ́ náà.

Èyí tó wọ̀ mí lọ́kàn jù ni bí wọ́n ṣe ń tọrọ àforíjì ní Samoa. Ẹni tó bá ṣẹ ènìyàn yóò gbé ẹní tó dára jù nínú ilé rẹ̀, yóò lọ kúnlẹ̀ síwájú ilé ẹni náà ní ìdájí, yóò da ẹní bo ara rẹ̀ látorí délẹ̀. Kò ní sọ̀rọ̀, kò ní mira. Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ ló máa ṣí ẹní náà, bó bá ti dárí jì í. Mo délé, mo sọ fún bàbá mi. Wọ́n ronú títí.

"Wọn kì í rí ojú ẹni yẹn rárá?"

"Rárá, Dádì."

Ara wọn yá gágá.

Ní ìdájí Sátidé, Àǹtí Fúnkẹ́ fi mọ́tò gbé wa lọ sí Odogbolu. Bàbá mi kúnlẹ̀ sí àgbàlá, Àǹtí da ẹní bò wọ́n, èmi àti Àǹtí sì lọ dúró lẹ́yìn géètì. Onígbàgbọ́ ni wá, Àǹtí sì ti pẹ́ lókè òkun, bóyá ìdí nìyẹn tí kò fi sí ẹni tó rántí pé oṣù Agẹmọ la wà, pé ẹní ni Agẹmọ, òrìṣà Ìjẹ̀bú tó ń jáde bí eégún, ń dà bora, àti pé obìnrin kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Obìnrin ló sì kún ilé yẹn fọ́fọ́.

Ẹ̀gbọ́n màmá mi ló kọ́kọ́ ṣí fèrèsé. Mo gbọ́ igbe, lẹ́yìn náà ilẹ̀kùn ń dún gbà, gbà, gbà. Màmá Odogbolu ń ké nínú ilé pé, "Ẹ dojú bolẹ̀! Kí la ṣe o?" Ọlọ́kadà kan tó ń kọjá wo àgbàlá, ó ṣí fìlà, ó yí ọ̀kadà rẹ̀ padà. Oòrùn yọ. Bàbá mi kò mira. Ewúrẹ́ kan rọra dé, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ etí ẹní. Mo fẹ́ sáré lọ, Àǹtí Fúnkẹ́ dì mí mú.

"Ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ nìkan ló lè ṣí i."

Mo bú sẹ́kún. Ó ti dá mi lójú pé màmá mi kò ní jáde mọ́, pé bí a ṣe wá náà la máa padà.

Ewúrẹ́ yẹn fa ẹní títí ẹsẹ̀ bàbá mi fi yọ síta. Ẹnì kan ká kọ́tìnì díẹ̀. Mo wá gbọ́ ohùn màmá mi: "Mámà, ẹ dìde nílẹ̀. Agẹmọ wo ló ń wọ sálúbàtà tí mo rà fún ọkọ mi lọ́dún Àjíǹde?"

"Má wò ó!" ni Màmá Odogbolu ké. "Bóyá ó yá a ni!"

Màmá mi jáde. Wọ́n fi gèlè bo ojú, bóyá Agẹmọ ni lóòótọ́, wọ́n ń fi ẹsẹ̀ wá ọ̀nà títí ọwọ́ wọn fi kan ẹní. Wọ́n ṣí i. Òógùn bo bàbá mi.

"Ìkọ́kọrẹ́ rẹ ló dùn jù ní gbogbo ilẹ̀ Ìjẹ̀bú," ni wọ́n wí.

"Ẹ pariwo ẹ̀ kí àdúgbò gbọ́."

Bàbá mi pariwo ẹ̀.

Màmá mi bá wa padà sílé lọ́jọ́ náà. Inú mi dùn, ojú sì ń tì mí nítorí bàbá mi. Nínú mọ́tò, mo búra lọ́kàn mi pé bí mo bá dàgbà, n kò ní bẹ obìnrin kankan báyẹn láyé. Mo ti dàgbà báyìí, mo sì ti níyàwó. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, nítorí ọ̀rọ̀ kan tó bọ́ lẹ́nu mi níwájú àlejò, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sí ilẹ̀ ilé ìdáná. Ìyàwó mi wò mí, ó ní kí n sún sápá kan, òun fẹ́ gbálẹ̀. Mo sún.