Ẹnu Mi Ni Bàbá Mi Ń Gbé Sẹ́yìn Alùpùpù

Nígbà tí mo kéré débi pé ẹsẹ̀ mi ń rọ̀ dirodiro lẹ́yìn alùpùpù, bàbá mi ti ń gbé mi káàkiri ọjà. Ọmọ ọmọ mi, ìwọ tó ń bá mi kọ ọ́ sílẹ̀, Treichville níbí, ní ìdálẹ̀ tí wọ́n ti ń sọ Faransé, la ń gbé. Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá mi ti wá. Wọ́n ń ta abọ́ tánganran, abẹ́rẹ́, òwú àti àgádágodo. Mobilẹ́ẹ̀tì kékeré kan ni wọ́n ní. Wọ́n á fi rọ́bà táyà di ẹrù mọ́ ọn lẹ́yìn, wọ́n á wá gbé mi lé orí ẹrù bí ẹni gbé ọmọrí lé ìkòkò. Bí òní bá jẹ́ ti ọjà Bingerville, ọ̀túnla á jẹ́ ti Bassam.

Má rò pé ìgbádùn ni. Iyanrìn etí òkun á máa ta sí mi lójú, irin tí èéfín ń gbà jáde á sì jó mi lẹ́sẹ̀. Àpá rẹ̀ ló wà lẹ́sẹ̀ òsì mi yìí.

Nítorí ẹnu mi ni wọ́n ṣe ń gbé mi lọ. Bàbá mi kò gbọ́ ju Yorùbá lọ. Èmi ní tèmi, ní àgbàlá wa, Júlà, èdè tí wọ́n ń ná ọjà níbí, ni mò ń bá àwọn ọmọ kan ṣeré, Faransé ni mò ń bá àwọn mìíràn jà. Tí oníbàárà bá ti dé, bàbá mi á ní, "Ìyá mi, kí ló wí?" Orúkọ ìyá wọn ni wọ́n sọ mí, òun ni wọ́n ṣe ń pè mí bẹ́ẹ̀. Obìnrin kan tó ń ta ẹja lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa a máa fi Júlà sọ fún mi pé, "Ìwọ ọmọ Ànàgó yìí, ahọ́n rẹ mú ju abẹ́rẹ́ tí bàbá rẹ ń tà lọ." Ànàgó ni wọ́n ń pe àwa Yorùbá níbí. Inú mi á dùn. Mi ò mọ̀ pé ohun tí wọ́n máa fi dè mí mọ́lẹ̀ ni obìnrin yìí ń yìn.

Ní Bassam, láàárín àwọn ilé gíga tí àwọn òyìnbó kọ́ nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ dé, ilé ẹ̀kọ́ kan wà fún àwọn ọmọbìnrin. Olùkọ́ ibẹ̀, obìnrin òyìnbó kan, máa ń ra òwú lọ́wọ́ wa. Lọ́jọ́ kan ó bi mí pé níbo ni mo ti ń kàwé. Mo ní mi ò kàwé. Ó ní kí n sọ fún bàbá mi pé kí n wá máa kàwé lọ́dọ̀ òun, pé ibẹ̀ ni màá máa sùn, pé òun ò ní gba nǹkan kan.

Ó wù mí. Mo sọ ọ́ fún bàbá mi bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́. Wọ́n rẹ́rìn-ín sí obìnrin náà bí ẹni ń dúpẹ́, wọn ò wo ojú mi. Wọ́n ní, "Tí o bá jókòó síbẹ̀, ta ni yóò máa bá mi gbọ́ ọ̀rọ̀? Àwọn àbúrò rẹ ọkùnrin á kàwé. Sọ fún un pé ìwọ lo ò fẹ́, kó má lọ rò pé èmi ni mo kọ̀."

Mo kọjú sí obìnrin náà, mo ní, "Je veux pas, madame." Mi ò fẹ́. Ẹnu ara mi ni mo fi sọ ọ́. Ó ní ṣé ó dá mi lójú. Mo ní ó dá mi lójú. Ó ra òwú pupa, ó lọ.

Ọmọ ọmọ mi, o ti gbé bírò dúró. O ní, "Mémé, ṣebí bàbá yín ò gbọ́ Faransé? Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún un pé ẹ fẹ́?"

Ìbéèrè yẹn ni mo ti ń bi ara mi láti ìgbà tí mi ò tíì yọmú. Kò wá sí mi lọ́kàn rárá ni. Nílé wa, bí wọ́n bá ṣe rán mi ni mo ṣe ń jẹ́ ẹ.

Àwọn àbúrò mi kàwé lóòótọ́. Èyí tó tẹ̀lé mi di akọ̀wé ní ọ́fíìsì kan ní Plateau. Tí ẹbí bá pé jọ, tí mo bá la ẹnu sọ Faransé, tí mo ṣi tábìlì pè, á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, kì í ṣe le table, la table ni." Àwọn ọmọ mi á bú sẹ́rìn-ín. Ẹnu tó ń tún ṣe yìí ló ra ìwé tó fi mọ la. Mi ò sọ ọ́ fún un rí.

Nígbà tí bàbá mi fẹ́ kú, wọ́n ṣàdúrà fún mi, wọ́n ní mo ṣiṣẹ́ sin àwọn dáadáa. Mo ṣe àmín. Ètè lásán ni mo fi ṣe é.

Ayé ti yí padà. Ní Adjamé, àwọn ọmọbìnrin ń fúnra wọn gun alùpùpù báyìí. Àwọn tó ń lọ gbafẹ́ ní Bassam ń ya fọ́tò níwájú àwọn ilé tí òrùlé wọn ti já. Kò sẹ́ni tó ń dí yín lọ́wọ́ ìwé mọ́. Ìwọ gan-an, ńṣe ni ìyá rẹ ń bẹ̀ ọ́ kí o kà á. Mi ò bá yín jà. Ó kàn ń dùn mí pé ayé yìí dúró kí n darúgbó ná kó tó yí.

Ó tó. Wá ka ohun tí o kọ fún mi, má fo ibì kankan. Tí o bá pa ọ̀rọ̀ kan dà níbẹ̀, èmi ò lè mọ̀.