Òrùlé Páànù Bàbá Mi

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí eyín iwájú mi ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ká, orí òpó ni ilé wa ní Awóyè wà, omi ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ewé ògùrọ̀ ni bàbá mi fi bo òrùlé. Ẹ̀yin tí a jọ dàgbà létí omi yóò rántí iṣẹ́ yẹn: àgbà ń rán ewé mọ́ ọ̀pá, ọmọdé ń na ewé sí i. Bí mo bá na èyí tó ya, igbájú kì í pẹ́ dé. Ṣùgbọ́n bí oòrùn ti wù kó mú tó, atẹ́gùn ń gba àárín pákó ilẹ̀ wọlé, a ó sì jẹ púpurù ẹ̀gẹ́ gbígbóná lọ́sàn-án láìlàágùn.

Lọ́dún kan tí ẹja pọ̀, bàbá mi ra páànù wá láti Igbókòdá. Àwọn èèyàn ń fi ọkọ̀ yà wá wo ilé tó ń dán. Ìyá àgbà, ìyá bàbá mi, kò lè rìn mọ́ nígbà náà. Yàrá ni wọ́n ń dùbúlẹ̀ sí. Nígbà tí ẹ̀ẹ̀rùn dé, yàrá ọ̀hún gbóná bí ibi tí a ti ń yan ẹja.

Ìyá àgbà ní, "Ọmọ mi, dá ewé díẹ̀ padà sórí páànù yìí. Ooru ń mú mi."

Bàbá mi ní, "Ìyá, wọ́n á fi wá ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹ jẹ́ kí òjò dé."

Bí àwọn àgbà bá ti lọ sókun, èmi ni mò ń fẹ́ abẹ̀bẹ̀ sí Ìyá àgbà. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, wọ́n sùn lọ, mo sì ń gbọ́ bí àwọn ẹgbẹ́ mi ti ń bẹ́ sómi. Mo ní mi ò ní pẹ́. Nígbà tí mo padà, tí omi ṣì ń kán lára mi, Ìyá àgbà ti kú. Ara wọn gbóná débi pé mo rò pé oorun ni.

Kò sẹ́ni tó nà mí. Bàbá mi kàn bi mí pé, "Ṣé wọ́n pè mí?"

Mo ní rárá. Ṣùgbọ́n mi ò mọ̀, torí mi ò sí níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìsìnkú, bàbá mi gun orí òrùlé, wọ́n sì rán ewé bo gbogbo páànù náà. Wọn ò pe ẹnikẹ́ni kó wá na ewé sí wọn.

Òkun ti gba ilé yẹn báyìí. Omi iyọ̀ ti pa igbó ògùrọ̀ wa. Láyé ìgbà yẹn, ilé ewé máa ń tutù fúnra rẹ̀. Lónìí, ilé búlọ́ọ̀kù onípáànù ni mo ní ní Igbókòdá, fáànù wà, iná kò sí. Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé. Bí oòrùn bá ti ń le, wọ́n á gbé àga jáde sábẹ́ igi máńgòrò. Bí àlejò bá bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò jókòó ní pálọ̀, wọ́n á ní atẹ́gùn ni àwọn ń gbà.

Èmi kì í bi wọ́n.