Orúkọ Abúlé Tí Wọ́n Sin Leslie Sí

Ẹ jẹ́ kí n tètè sọ ọ́, kó má di pé mò ń yí ọ̀rọ̀ po: èmi Rachel, tí mò ń rán sùtánà jẹun, èmi ni mo sun ìwé bàbá mi níná. Èmi náà ni màá ròyìn Bàbá fún yín, torí kò sẹ́lòmíì tó gbọ́ ọ délẹ̀.

Bàbá mi, Pa Olúsànyà, pé ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún kí wọ́n tó kú lọ́dún tó kọjá ní Japara, nínú Ìjẹ̀bú-Igbó níbí. Akọ̀wé sọ́ọ̀mìlì ni gbogbo àdúgbò mọ̀ wọ́n sí. Ogójì ọdún ni wọ́n fi ka pákó. Ìwọ̀nba èèyàn ló mọ̀ pé kí ọ̀rọ̀ pákó tó dé, ọkọ̀ bọ́ǹbù ni Bàbá wọ̀. Ọmọ ogún ọdún ni wọ́n, nígbà ogun Hitler, nínú ẹgbẹ́ ológun òfúrufú àwọn Gẹ̀ẹ́sì. Ìdí ọkọ̀ ni wọ́n fi Bàbá sí, nínú àyè tóóró onígíláàsì kan, àwọn àti ìbọn mẹ́rin, wọ́n kọ ẹ̀yìn sí ibi tí ọkọ̀ ń lọ. Wọ́n máa ń sọ pé ibi tí àwọn ti kúrò nìkan ni àwọn ń rí.

Èèyàn méje ló wà nínú ọkọ̀ náà. Leslie, ọmọ ọdún méjìlélógún, ló ń wà á. Òyìnbó ni, ṣùgbọ́n òun ló máa ń wá Bàbá rí níbi oúnjẹ nígbà tí àwọn kan ò tilẹ̀ fẹ́ bá wọn jókòó. "Sanya" ló máa ń pè wọ́n. Bàbá fẹ́ràn rẹ̀. Wọ́n fẹnu ara wọn sọ ọ́ fún mi, bẹ́ẹ̀ wọn ò sọ irú ẹ̀ fún ìyá mi rí láyé.

Ọ̀sán gangan ni wọ́n rán wọn lọ sí pápá ọkọ̀ òfúrufú àwọn ọ̀tá, ọkọ̀ bọ́ǹbù ńláńlá tó lé ní ọgọ́rùn-ún ló jọ lọ. Iṣẹ́ wọn ni kí wọ́n fọ́ ojú ọ̀nà tí ọkọ̀ ọ̀tá fi ń gbéra. Bàbá ní bí bọ́ǹbù ṣe bọ́, ọkọ̀ fò sókè bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ fún. Láti ìdí ọkọ̀, wọ́n rí ilẹ̀ tó ń tú, wọ́n rí ọkọ̀ ọ̀tá tó ń jó lórí ìdúró, wọ́n rí àwọn èèyàn tó ń sáré. Àwọn tó wà níwájú ń hó yèè. Bàbá ò hó. Mo bi wọ́n pé kí ló dé. Wọ́n ní, "Àwọn tó ń sáré yẹn, Rachel, mò ń wò wọ́n."

Nígbà tí wọ́n ń padà bọ̀ ni ìbọn tí àwọn ọ̀tá ń yìn látilẹ̀ bà wọ́n. Apá ọkọ̀ gbiná. Leslie di ọkọ̀ mú títí gbogbo àwọn yòókù fi fò jáde. Nígbà tí òun máa fi fò, ilẹ̀ ti sún mọ́ jù, páráṣúùtì rẹ̀ ò ráyè ṣí tán. Inú oko kan ni Bàbá ti bá a, ẹsẹ̀ méjèèjì ti fọ́, ẹ̀jẹ̀ ń dà lẹ́nu ẹ̀. Ó ní, "Sanya, sọ ibi tí mo wà fún àwọn ará ilé mi." Kò sọ nǹkan míì mọ́.

Obìnrin olóko kan ló bá Bàbá gbẹ́ ilẹ̀ sin ín. Bàbá ò gbọ́ èdè rẹ̀, wọ́n bá na ìwé kékeré kan sí i, obìnrin náà sì kọ orúkọ abúlé rẹ̀ síbẹ̀. Orúkọ gbọọrọ, tí Bàbá ò lè pè. Lọ́jọ́ yẹn náà ni àwọn ọ̀tá mú Bàbá. Inú bàtà ni wọ́n tọ́jú ìwé yẹn sí títí ogun fi parí. Wọ́n mú un lọ bá ọ̀gá kan ní London. Ọ̀gá yẹn kọ nǹkan sílẹ̀, kò sẹ́ni tó lọ síbì kankan. Bàbá kọ lẹ́tà sí ìyá Leslie, lẹ́tà padà wá bá wọn. Wọ́n bá fi ìwé náà sínú páànù bísíkíìtì kan, wọ́n tì í sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì. Gbogbo wa mọ̀ pé a kì í fọwọ́ kàn án.

Mo fọwọ́ kàn án. Ọdún mọ́kànlá rèé, oyún mẹ́ta ti bàjẹ́ lára Moyinolúwa ọmọ mi. Wòlíì ìjọ wa ríran, ó ní nǹkan òkú kan wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì nínú ilé wa, òun ló dí ọ̀nà ọmọ. Ìyá wo ló máa gbọ́ irú ẹ̀ táá jókòó? Lọ́jọ́ tí Bàbá lọ sí ọsibítù torí ojú wọn tó ń ṣú, mo wọ sùtánà, mo bọ́ bàtà, mo gbé páànù lọ sẹ́yìnkùlé, mo da kẹrosíìnì sínú ẹ̀, mo ṣáná sí i, mo ń ka Sáàmù lé e lórí. Mi ò tilẹ̀ wo ohun tí mò ń sun. Òmùgọ̀ paraku ni mí! Oyún kẹrin náà wálẹ̀.

Bàbá ò ríran kàwé mọ́. Tí wọ́n bá ní, "Páànù mi ńkọ́?", màá ní, "Ó wà ńbẹ̀, sà."

Àfi bí Shukurat, ọmọ ilé kejì wa, tó ń kọ́ nípa ìtàn ní yunifásítì Àgọ́-Ìwòyè, ṣe wá gba ohùn Bàbá sílẹ̀, tó gbé e sórí Fesibúùkù. Kò pé oṣù méjì tí obìnrin kan, ọmọ àbúrò Leslie, fi kọ̀wé. Ó ní ìyá òun, àbúrò Leslie lobìnrin, ṣì wà láyé, ẹni ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún, lórí àìsàn. Ohun kan ṣoṣo tí ìyá àgbà náà ń fẹ́ kó tó kú ni kó mọ ibi tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sùn sí. Kí Bàbá ṣáà ti sọ orúkọ abúlé náà.

Háà, ẹ bá rí Bàbá! Wọ́n ní kí n fá irùngbọ̀n àwọn. Shukurat gbé fóònù síwájú wọn, ojú ọmọbìnrin òyìnbó náà yọ, ìyá àgbà yẹn wà lórí ìrọ̀rí lẹ́yìn ẹ̀. Bàbá ní, "Rachel, gbé páànù mi wá."

Mo kúnlẹ̀. "Bàbá, mo ti sun ún."

Bàbá ní, "Ó jó tán?"

"Ó jó tán, sà."

Wọ́n kọjú sí fóònù, wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ fún wọn pé àwọn làwọn sọ ìwé náà nù, pé kí wọ́n foríjin arúgbó aláìbìkítà. Wọ́n bò mí láṣìírí. Ó sàn kí wọ́n gbá mi létí. Ìyá àgbà yẹn yíjú sí ògiri.

Láti ọjọ́ kejì ni Bàbá ti bẹ̀rẹ̀ sí í wá orúkọ náà nínú orí wọn. Ní gbogbo òwúrọ̀ wọ́n á ní, "Rachel, kọ ọ́ sílẹ̀," wọ́n á pe orúkọ kan, màá kọ ọ́, Shukurat á fi ránṣẹ́. Ọmọbìnrin náà kọ́kọ́ ń fèsì pé kò síbi tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, kò fèsì mọ́. Orí Fesibúùkù ni Shukurat ti rí i pé ìyá àgbà kú nígbà Àjíǹde. A ò sọ fún Bàbá, Bàbá ò sì dẹ́kun. Orúkọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni mo kọ.

Lọ́jọ́ Tọ́sìdeè kan, wọ́n di ọwọ́ mi mú, ojú wọn ń dán. "Rachel, mo ti rántí o! Òrù ni. Òrù la sin Leslie sí."

Òrù! Òrù ìlú tiwa níbí, tí a ń gbà kọjá lọ sí Àgọ́-Ìwòyè.

"Tètè fi ránṣẹ́, ìyá àgbà yẹn ń dúró."

Mo ní, "Mo ti fi ránṣẹ́, sà. Wọ́n ní àwọn ti rí i." Bàbá ní kí n ṣeun. Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni wọ́n kú. Leslie ṣì wà nínú oko tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀, èmi ni mo fi í síbẹ̀.